Ìdí Ìkòkò Aró

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, obìnrin kan gbé iṣẹ́ wá fún mi. Ó fẹ́ aṣọ àdìrẹ tí ìyá rẹ̀ yóò ró ní ọjọ́ ìbí rẹ̀. Ó ní nínú àwọn ọnà àtijọ́, òun kò fẹ́ Olókun, òun kò fẹ́ Ìbàdàndùn, òun kò fẹ́ Sùnbẹ́bẹ́. Ọnà tí ojú ẹnikẹ́ni kò tíì rí ni kí n yà fún òun. Mo gba owó àsansílẹ̀, mo ra ìwé àti pẹ́ńsùlù, mo ti ilẹ̀kùn yàrá mọ́ ara mi. Odindi ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi jókòó ti ìwé náà. Gbogbo ohun tí mo bá yà, mo ti rí i rí nídìí obìnrin kan lọ́jà.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo pa ìwé tì, mo padà sídìí iṣẹ́ tó wà nílẹ̀. Àwọn aṣọ kan wà tí mo ti fi ẹ̀kọ àdìrẹ yà, tó yẹ kí n sá. Bí mo ṣe nà wọ́n sóòrùn báyìí ni òjò ṣú. Mo sáré kó wọn wọlé, torí pé ẹ̀kọ tí kò tíì gbẹ, bí omi bá kàn án, iṣẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn. Mo fa àpótí sẹ́nu ọ̀nà, mo jókòó, inú òjò náà ń bí mi. Òjò ọ̀hún pẹ́. Nígbà tó yá, inú kò bí mi mọ́, mo kàn ń wo ilẹ̀. Omi ń dà láti etí páànù, ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ti gbẹ́ ihò tirẹ̀ sínú yanrìn. Wọ́n tò láti igun ilé dé igun ilé, àlàfo tó wà láàárín wọn dọ́gba, torí pé ojú kòtò páànù ni omi ń gbà wá. Yanrìn tí omi ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ sì yí ẹnu ihò kọ̀ọ̀kan ká bí òrùka. Láti kékeré ni mo ti ń gbé inú ilé yẹn. N kò rí i rí. Mo na ìka, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Kí òjò tó dá, mo ti mọ iye ìlà tí yóò gba orí aṣọ náà já. Ẹsẹ̀ Ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ni mo sọ ọ́. Wọ́n ní nígbà tí màmá àgbà náà tú u wò, ohun tó sọ ni pé, “Ẹnu ọ̀nà ilé bàbá mi rè é.”

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣọ́ ara mi, kí n lè mọ ìgbà tí ọnà máa ń yọjú. Ohun tí mo rí ni pé ìdúró tí iṣẹ́ yìí fúnra rẹ̀ fi dandan lé wa lórí ni ó ń fún mi ní ọnà. Ẹni tó bá mọ aró yóò mọ ohun tí mò ń wí. Ewé èlú tútù ni a ń gún lódó, a ó ṣù ú, a ó sá a gbẹ. A ó jó igi di eérú, a ó kó eérú náà sínú ìkòkò tí a dá lu nídìí, a ó da omi lé e lórí, omi yóò sì máa sẹ̀ sínú ìkòkò tó wà nísàlẹ̀, tó, tó, tó. Omi eérú yìí ni a ń rẹ èlú sí. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ kan kó tó kan bó ṣe yẹ, òórùn rẹ̀ yóò sì ti jẹ́ kí gbogbo àdúgbò mọ̀ pé aró wà nílẹ̀. Kò sí owó, kò sí ìbínú, kò sí oníbàárà tó lè mú un yá. Bí aró bá kọ̀ tí kò mú, òrìṣà Ìyá Mapó ni àwọn aláró ìgbà àtijọ́ máa ń bẹ̀.

Ìdúró mìíràn sì tún wà tí mo fẹ́ràn ju ìyẹn lọ. Aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú aró èlú kì í dúdú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àwọ̀ ewé ló máa ń ní, ewé tó fẹ́ máa pọ́n. Afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di aró. Bí mo bá ti nà án sókè, mo máa ń dúró tì í, ọwọ́ mi á máa kán omi, n kò lè mú nǹkan mìíràn dání. Àwọ̀ náà á máa yí lójú mi, láti etí aṣọ wá sí àárín. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà a ó tún kì í bọ inú ìkòkò, a ó tún yọ ọ́, bẹ́ẹ̀ léraléra títí yóò fi dúdú dáadáa. Nínú àwọn ìṣẹ́jú wọ̀nyẹn, mo ti rí ọnà tí mo fi jẹun lọ́dún méjì.

Ìyá mi àgbà, tó kọ́ mi níṣẹ́, kò rẹ aṣọ rí láyé rẹ̀. Nígbà tiwọn, aládìrẹ ń yà, aláró ń rẹ. Èmi ni mo pa méjèèjì pọ̀. Ìdí ẹ̀kọ ni ọnà tirẹ̀ ti máa ń wá. Lafún ni ẹ̀kọ náà, a ń fi álọ́ọ̀mù sí i, ẹni tó ń rò ó kò gbọdọ̀ kúrò nídìí iná, kó má baà ṣe kókó, torí kókó kan ṣoṣo tó láti ba ìlà tí a fi ìyẹ́ adìyẹ fà jẹ́. Ìyá àgbà yóò di orógùn mú lọ́wọ́ méjèèjì, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò sì máa ya nǹkan sínú yanrìn: àkekèé, ewé ẹ̀gẹ́, agboorùn. Kó tó dìde, yóò fi àtẹ́lẹsẹ̀ pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Nígbà kan mo bẹ̀ ẹ́ pé, “Màmá, ẹ má pa á rẹ́, ó dára.” Ó ní èyí tí òun kò bá rántí lọ́la kò yẹ lára aṣọ. Mo ti dán ọ̀rọ̀ yìí wò fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo sì gbà á tọkàntọkàn.

Ẹ wo ọnà Ìbàdàndùn fúnra rẹ̀. Ní 1929 ni wọ́n ṣí gbọ̀ngàn Mápó ní Ìbàdàn, lórí òkè, tí òpó ràgàjì-ràgàjì tò síwájú rẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn òpó náà fi dé orí aṣọ, tí ẹni tó yà wọ́n sì fi ṣíbí sáàárín wọn. Ṣíbí! N kò lè gbà pé inú yàrá ló ti ronú kan èyí. Lójú tèmi, ẹni tó gbẹ́rù gun òkè láti Ọjà'ba, tó dúró kó lè mí, ló lè ka òpó. Ẹni tó tún padà délé sídìí ìkòkò ọbẹ̀ ló lè fi ṣíbí kún un. Bákan náà ló rí ní 1935, nígbà tí Ọba Jọ́ọ̀jì Karùn-ún ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé ọdún 25 lórí oyè. Àwòrán ọba àti ìyàwó rẹ̀ wà lára ohun ìrántí tí wọ́n ń pín kiri, àwọn aládìrẹ sì gbé wọn sórí ìró. Ohun tó ń kọjá lójú wọn lójoojúmọ́ ni wọ́n mú.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ní ojú oorun ni ọnà tàwọn ti ń wá. N kò bá wọn jiyàn, ṣùgbọ́n ọnà ojú oorun mi kì í ní òǹkà. Aṣọ àdìrẹ jẹ́ abala méjì tí a rán pọ̀, ọ̀pá méjì àbọ̀ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò bá lè ka ojú onígun mẹ́rin tó wà níbẹ̀, ìdajì ọnà yóò ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́.

Èmi náà ń lo aró òyìnbó. Sódà àti háídírò, omi gbígbóná, kò tó wákàtí kan, aṣọ ti wà lórí okùn. Òun ló ń san owó ilé ìwé ọmọ. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́ta wà tí n kò lo èlú rárá, tí mo ń rẹ aṣọ láti òwúrọ̀ di alẹ́, tí fóònù sì ń gba gbogbo àyè tó bá ṣẹ́kù. Nígbà tí mo tú àpótí mi lẹ́yìn ọdún mẹ́ta náà, gbogbo aṣọ tó wà níbẹ̀, àwọn ọnà àtijọ́ mi ni. Ó dùn mí gan-an. Ìdí nìyẹn tí mo fi dá ìkòkò èlú kan padà sẹ́yìnkùlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èrè rẹ̀ kò tó nǹkan. Bí ọmọ iṣẹ́ tuntun bá bi mí pé, “Màmá, níbo lẹ ti ń rí ọnà?” orógùn ni mo máa ń gbé lé e lọ́wọ́, màá sì gba fóònù rẹ̀ títí ẹ̀kọ yóò fi jinná.

Ọjọ́ kẹrin ìkòkò tó wà nílẹ̀ nìyí. Nígbà tí mo ṣí i láàárọ̀, ìfófòó orí rẹ̀ ti pín sí ojú, ojú, bí ẹ̀yìn ahun, èyí tó wà láàárín sì tóbi ju ìyókù lọ. Mo dé e padà. N kò yà á sílẹ̀. Òjò tún ń ṣú láti ìhà Ẹlẹ́yẹlé, mo sì ti pe àwọn ọmọ kí wọ́n wá kó aṣọ wọlé.