Ọwọ́ Tó Mọ Bí A Ṣe Ń Tú Asbestos

Ní Ayétòrò, ìlú tí ìjọ àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀dó sí etíkun Ìlàjẹ ní 1947, òkun ti wó ilé rẹpẹtẹ. Bí ilé àtijọ́ tí asbestos lè wà nínú àjà rẹ̀ bá ti ń wó, àwọn tí ń tú asbestos ní Ìlú Ọba ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Mo kan sárá sí wọn. Asbestos tí wọ́n fi wé páìpù, ẹni tó bá gba ìwé àṣẹ HSE, àjọ ààbò lẹ́nu iṣẹ́, nìkan ló lè tú u. Wọ́n á fi ọ̀rá bo yàrá yípo. Wọ́n á gún asbestos náà ní abẹ́rẹ́, omi á máa wọ inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi rin gbingbin; lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi ọ̀bẹ gé e, tààrà sínú àpò, láìjẹ́ kó já bọ́ sílẹ̀. Sùúrù yẹn tọ́, torí eruku tí ojú kò rí lè wà nínú ẹ̀dọ̀fóró fún 20 ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó di àrùn. Èyí tó wú mi lórí jù ni pé ẹlòmíràn ló ń wọn afẹ́fẹ́ yàrá kó tó fọwọ́ sí ìwé pé kí onílé padà wọlé. Irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ ló tọ́ sí àwọn kápẹ́ńtà wa tí ń tú àjà ilé àtijọ́.