Ilé Ni A Ti Í Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde: Ọ̀rọ̀ Lórí Ìwé Ìrìnàjò Mẹ́ta

Àwọn àgbà ní, ilé ni a ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ fi wọn ìwé mẹ́ta tí àwọn tí ó gun alùpùpù la ayé já kọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa yin irú ìwé bẹ́ẹ̀ nítorí òkè àti aṣálẹ̀ inú rẹ̀. Èmi kò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n ní tèmi, ojú-ewé tí a ti ń di ẹrù ni ìwé ti ń fi òǹkọ̀wé rẹ̀ hàn wá. Òǹkàwé tí ó bá fò ó ti fo ìdí ọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú One Man Caravan, tí Robert Edison Fulton, ọmọ Amẹ́ríkà, tẹ̀ jáde ní 1937. Ní 1932, níbi oúnjẹ alẹ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n bi í bóyá yóò padà sílé láìpẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà, tí ó ti kẹ́kọ̀ọ́ yíya àwòrán ilé ní Vienna, dáhùn pé alùpùpù ni òun yóò gùn yí ayé ká. Ẹnì kan láti ilé-iṣẹ́ alùpùpù Douglas wà níbẹ̀, ó sì gbà láti fún un ní ọ̀kan. Ẹyin lọ̀rọ̀, bí ó bá balẹ̀, kì í ṣe é kó. Fulton gba Yúróòpù, Tọ́kì àti Síríà kọjá, ó dé Íńdíà àti Ṣáínà, títí ó fi dé Japan. Ohun tí ó mú mi fẹ́ràn ìwé náà ni pé kò fi ìfọ́nnu yìí pamọ́. Òǹkọ̀wé jẹ́ kí a mọ̀ pé ẹnu ni ó kó òun sí i, kì í ṣe ìgboyà.

Èkejì ni Long Way Round, tí òṣèré méjì, Ewan McGregor àti Charley Boorman, kọ ní 2004. Ní 14 April ọdún náà ni wọ́n kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n gba Jámánì, Úkráínì, Kazakhstan àti Mongolia, wọ́n dé Magadan ní ìlà-oòrùn Rọ́ṣíà, wọ́n wọ bàálù lọ sí Alaska, wọ́n sì wọ New York ní 29 July. Orí ìmúrasílẹ̀ wọn dára púpọ̀. A rí ọ́fíìsì, físà, ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ẹni tí ó fara pa, àti bí ilé-iṣẹ́ KTM ti kọ̀ láti fún wọn ní alùpùpù kí BMW tó gbà.

Àbùkù rẹ̀ ni pé, bí ọ̀nà ti ń jìn, ohùn ìwé náà a máa dà bí ti ọ̀rẹ́ méjì tí ó dá wà nínú aginjù. Òǹkàwé tí kò gbàgbé orí ìmúrasílẹ̀ mọ̀ pé Claudio von Planta, ayàwòrán wọn, wà lórí alùpùpù kẹta, àti pé ọkọ̀ méjì tí ó kó ẹrù àti ènìyàn ń pàdé wọn lọ́nà.

Ní Mongolia ni ìwé náà ti dá ara rẹ̀ lẹ́jọ́. BMW tí wọ́n gùn ju 250 kílò lọ bí epo bá kún inú rẹ̀, kí a tó di ẹrù lé e. Irin tí ó gbé ti Claudio ró ṣẹ́. Wọ́n jó o pọ̀, bíréèkì tún dáṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n fi í ránṣẹ́ síwájú, wọ́n sì ra Izh fún un, alùpùpù kékeré ti Rọ́ṣíà, irú èyí tí ará oko ń gùn tí wọ́n sì mọ̀ ọ́n tún ṣe. A kì í fi ẹrù nìkan yan alùpùpù. Ẹni tí yóò tún un ṣe níbi tí yóò ti bàjẹ́ ni kí a kọ́kọ́ rò.

Ẹrù kan kù tí ó wúwo ju BMW lọ, ìyẹn ni ìwé. Ìran, Pakistan àti Íńdíà a máa béèrè carnet, ìwé ìdúró pé a kò ní ta alùpùpù sí ìlú wọn. Owó lè ra ìyẹn. Ìwé ìrìnnà ńkọ́? Ní 2004, ọmọ Bìrìtìkó lè gùn láti Lọ́ńdọ̀nù dé Slovakia láìbẹ ẹnikẹ́ni fún físà. Láti ẹnubodè Faransé ni ọmọ Nàìjíríà yóò ti máa bẹ̀bẹ̀.

Nítorí náà ni mo fi An African Abroad ṣe ìkẹta, ìwé tí Ọlábísí Àjàlá tẹ̀ jáde ní 1963 lẹ́yìn tí ó ti fi Vespa la ọ̀pọ̀ ilẹ̀ kọjá. Ẹ wo àkọlé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ti àwọn òṣèré ń sọ bí ọ̀nà ti gùn tó. Ti Fulton ń sọ pé òun nìkan ni. Ti Àjàlá ń sọ ẹni tí ó ń lọ, nítorí ìyẹn ni aṣọ́bodè kọ́kọ́ ń wò. Àwa ti sọ orúkọ rẹ̀ di àpèlé fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í dúró, Ebenezer Obey sì ti fi í kọrin. Ìyẹn kò tó. Ìwé rẹ̀ yẹ ní kíkà, kí a sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ àwọn méjì ìyókù.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, bí ọ̀kan nínú wa bá kọ irú ìwé yìí lọ́jọ́ kan ní èdè Yorùbá, kí orí kìíní rẹ̀ jẹ́ ti ẹrù dídì: iye owó, ìwé tí a tò fún, ẹni tí ó kọ̀ àti ẹni tí ó gbà. Bí ó bá fo èyí, a óò yìn ín, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò lè tẹ̀lé e.