Inú Sílíńdà Ni Ojú Mi Wà

Bí àwọn ènìyàn bá ti gbọ́ pé iṣẹ́ òmùwẹ̀ ni mò ń ṣe, ọ̀rọ̀ Harrison Okene ni wọ́n máa ń bi mí. Òun ni alásè inú ọkọ̀ Jascon-4 tó dojú dé lórí òkun nítòsí Escravos lọ́jọ́ 26 oṣù Karùn-ún, 2013. Nǹkan bíi 60 wákàtí ló fi wà láàyè nísàlẹ̀ omi tó jìn tó mítà 30, nítorí afẹ́fẹ́ díẹ̀ tó há mọ́ inú ọkọ̀ náà. Òkú làwọn òmùwẹ̀ wá gbé, ààyè ni wọ́n bá. Orí rẹ̀ ni gbogbo ayé ń yìn, èmi náà ń yìn ín. Ṣùgbọ́n ní tèmi, ọkàn mi a máa lọ sọ́dọ̀ sílíńdà kékeré tí irú àwọn òmùwẹ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń pọ̀n sẹ́yìn. Rọ́bà gígùn ló ń gbé afẹ́fẹ́ wá fún wọn láti òkè. Bí rọ́bà bá já, ohun tó wà lẹ́yìn yẹn nìkan ló kù.

Jẹ́ríkò, n'Ìbàdàn níbí, ni mò ń kó sílíńdà tèmi sí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi l'Ékòó máa ń béèrè ohun tí òmùwẹ̀ ń wá nílùú tí kò lókun, níbi tó jẹ́ pé omi Ẹlẹ́yẹlé tí wọ́n sé ní 1942 ló sún mọ́ni jù. Ibi tí iyọ̀ òkun kò bá sí nínú afẹ́fẹ́, irin a máa pẹ́ níbẹ̀. Ohun tí mò ń wá nìyẹn.

Ẹ wo fọkanáísà tó ń fẹ́ táyà ní Dùgbẹ̀: bí géèjì rẹ̀ bá ti dé 30 tàbí 35, ó tó. Lórí géèjì kan náà, sílíńdà tiwa ń gbé 3000. Mi ò rí bí ènìyàn ṣe lè mọ èyí kó tún máa ju sílíńdà sílẹ̀ gbì.

Oríṣi méjì ló wà, ti irin àti ti álúmíníọ̀mù. Ti irin kì í léfòó bí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ bá ń tán, ṣùgbọ́n ó máa ń dípẹtà. Álúmíníọ̀mù tó wọ́pọ̀ jù ń gba omi lítà 11, ó sì wúwo tó kílò 14 lófìfo. Bí afẹ́fẹ́ rẹ̀ bá ti ń tán, ó ń fẹ́ gbé ẹni lọ sókè, àfi kéèyàn fi òjé kún ìgbànú. Síbẹ̀ òun ni mo yàn. Omi wa lọ́wọ́ọ́rọ́, aṣọ tí a ń wọ̀ wọ inú rẹ̀ kò nípọn, òjé díẹ̀ ti tó wa.

Tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń rà, èjìká rẹ̀ sì ni ẹ ó ti kà á. 3AL ni álúmíníọ̀mù, 3AA ni irin. Oṣù àti ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ dán an wò wà níbẹ̀, àti gbogbo ìgbà tí wọ́n tún un dán wò. Bí ó bá jẹ́ èyí tí Luxfer ṣe ní Amẹ́ríkà ṣáájú 1988, mi ò ní rà á, iye yòówù kí wọ́n pè é. Irú àdàlù álúmíníọ̀mù tí wọ́n lò nígbà yẹn, 6351, a máa sán níbi ọrùn. Lọ́dún márùn-ún márùn-ún ni ìdánwò omi: wọ́n á rọ omi kún un, wọ́n á tì í dé 5000 lórí géèjì, wọ́n á sì tú u sílẹ̀. Bí ìwúsókè tí kò lọ mọ́ bá ju ìdá kan nínú mẹ́wàá gbogbo bó ṣe wú lọ, ayé rẹ̀ ti parí.

Yíyẹ inú rẹ̀ wò lọ́dọọdún ni mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ yìí. Mo máa ń rọra tú afẹ́fẹ́ rẹ̀ tán pátápátá, kí n tó yọ fáàfù rẹ̀, kí n ti iná kékeré bọ inú rẹ̀, kí n sì fi dígí yẹ ọrùn wò, eyín ìdè kan lẹ́yìn èkejì. Inú sílíńdà tó mọ́ ń dán, ó gbẹ, kò sì ní òórùn kankan. Bí mo bá rí ẹ̀tù funfun nínú álúmíníọ̀mù, tàbí pupa nínú irin, mo mọ̀ pé omi ti wọlé. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi í mu afẹ́fẹ́ rẹ̀ tán lábẹ́ omi. A máa ń ṣẹ́ díẹ̀ kù kí omi má baà rí àyè wọlé. Bí a bá ti òkun dé, omi tí kò níyọ̀ la fi ń ṣàn án, a ó bọ́ rọ́bà ìdí rẹ̀, nítorí abẹ́ ibẹ̀ ni iyọ̀ ń sá sí, a ó sì gbé e dúró síbi tí oòrùn kò dé.

Ọ̀pọ̀ rò pé ọ́síjìn nìkan la ń rọ sí i. Rárá o, afẹ́fẹ́ tí gbogbo wa ń mí ni, ohun tó sì ń bà mí lẹ́rù jù nìyẹn. Nílẹ̀ wa tí iná kì í dúró, jẹnẹrétọ̀ ló ń gbé kọ̀ǹpírẹ́sọ̀. Bí ẹnu tí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ fi ń fa afẹ́fẹ́ bá wà níbi tí èéfín jẹnẹrétọ̀ ń fẹ́ sí, oró inú èéfín náà, carbon monoxide, yóò bá a wọlé. Kò lóòórùn, kò láwọ̀ tí ojú lè rí. Ní mítà 10 péré nísàlẹ̀, agbára ìtì rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí ti di ìlọ́po méjì. Mo máa ń sọ fáwọn ọmọṣẹ́ mi pé, "Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, kí ẹ tó tan jẹ́ẹ̀nì." Tó bá di ìgbà ọyẹ́, tí eruku bá gba òfuurufú, ìdajì àkókò tí wọ́n kọ sára fílítà ni mo fi ń pààrọ̀ rẹ̀.

Èyí tí ìdánwò bá kọ̀, mi ò ní tà á fún wẹ́dà, mi ò sì ní fi ṣe agogo ṣọ́ọ̀ṣì bí àwọn kan ṣe ń bẹ̀ mí. Lẹ́yìn tí mo bá ti tú u tán, mo máa ń fi dírílì lu ihò sí ikùn rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà tún rọ afẹ́fẹ́ sí i.