Pátákó Gwanghwamun: Èdè Ta Ni Ẹnubodè Ń Sọ?

Ní ọjọ́ 15, oṣù kẹwàá, ọdún 2023, wọ́n fi pátákó tuntun kan han aráyé ní Seoul, olú-ìlú Gúúsù Kòríà. Orí Gwanghwamun ni pátákó náà wà, ìyẹn ẹnubodè àgbà ààfin Gyeongbokgung. Ilẹ̀ rẹ̀ dúdú, lẹ́tà mẹ́ta aláwọ̀ wúrà ló wà lára rẹ̀, lẹ́tà Ṣáínà sì ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Láti ọwọ́ ọ̀tún sí òsì ni wọ́n ń kà á. Ẹ̀yin tí a jọ wà ní kíláàsì yóò ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ṣebí ààfin yìí gan-an ni Ọba Sejong ti ṣẹ̀dá Hangul ní 1443, tó sì gbé e jáde fún ará ìlú ní 1446? Ère Sejong fúnra rẹ̀ jókòó sí gbàgede iwájú ẹnubodè yẹn láti 2009. Kí wá ni lẹ́tà Ṣáínà ń ṣe lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀?

Àríyànjiyàn yìí ti pẹ́, kò sì tíì tán. Ní 2024, mínísítà àṣà wọn tún tú u sílẹ̀, ó ní ó yẹ kí wọ́n ronú nípa Hangul. Mo fẹ́ dá sí i, kì í ṣe torí pé ọ̀rọ̀ Kòríà kàn mí ju àwọn tó ni ín lọ, ṣùgbọ́n torí pé púpọ̀ nínú yín máa ń fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi bí ẹ bá rìnrìn-àjò lọ sí Éṣíà. Ó dùn mọ́ mi gan-an. Àmọ́ fọ́tò kì í sọ ọjọ́ orí ògiri.

Ẹ jẹ́ ká ka ọjọ́ orí ti Gwanghwamun wò. Ní 1395 ni wọ́n kọ́ ààfin náà. Ó jóná ní 1592 nígbà tí àwọn ọmọ ogun Jàpáànù ya wọ Kòríà, ó sì di ahoro fún ohun tó lé ní 250 ọdún, kí wọ́n tó tún un kọ́ láàárín 1865 sí 1868. Nígbà tí Jàpáànù wá gba ilẹ̀ náà pátápátá, wọ́n kọ́ ilé ìjọba amúnisìn gàgàrà síwájú gbọ̀ngàn ìtẹ́ ọba, wọ́n parí rẹ̀ ní 1926, wọ́n sì tú ẹnubodè lọ sí ẹ̀gbẹ́ ìlà-oòrùn ààfin kó má bàa dí wọn lójú. Ogun 1950 sí 1953 ba apá tí wọ́n fi igi ṣe jẹ́. Ní 1968, Ààrẹ Park Chung-hee, ológun tó gbàjọba, fi kọnkéré tún un kọ́, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀ ní Hangul. Ní 2010, wọ́n wó kọnkéré, wọ́n fi igi kọ́ ọ padà sí ojú ibi tó wà tẹ́lẹ̀, wọ́n gbé pátákó lẹ́tà Ṣáínà kọ́ ọ, dúdú lórí funfun. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, pátákó sán! Ibẹ̀ ni ti 2023 ti bẹ̀rẹ̀.

Mo gbọ́dọ̀ yìn wọ́n lórí iṣẹ́ ìwádìí. Fọ́tò àtijọ́ kan tó wà ní Smithsonian ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ilẹ̀ pátákó ìgbà náà dúdú ju lẹ́tà rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ àwọn tó tún ààfin kọ́, ní Yunifásítì Waseda ní Jàpáànù, ó sì jẹ́rìí sí i: wúrà lórí dúdú. Iṣẹ́ gidi nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìwádìí lè sọ àwọ̀ tí pátákó ní láyé 1860 sókè. Kò lè sọ ìdí tó fi jẹ́ ìgbà yẹn la máa mú, tá a fi 1446 àti 1968 sílẹ̀. Ẹni tó yan ọdún ti ṣe ìtumọ̀ ná, kó tó gbé igi sókè.

Àwọn ẹgbẹ́ Hangul rí ibi tó ti ń ta wọ́n. Ẹ̀rí tí wọ́n mú wá ni mi ò fara mọ́. Tí wọ́n bá ní ká lo Hangul torí ó wà níbẹ̀ rí, ọwọ́ apàṣẹwàá ló kọ ìyẹn. Tí wọ́n bá ní ká lò ó torí Sejong, ọ̀rọ̀ tún le sí i: ní 1426 ni àwọn ọ̀mọ̀wé Jiphyeonjeon, gbọ̀ngàn ìmọ̀ ọba, sọ ẹnubodè náà ní Gwanghwamun, Hangul ò sì tíì sí nígbà náà. Jiphyeonjeon yìí kan náà ni Choe Manri ti jẹ́ aṣáájú, ẹni tó kọ̀wé tako ọba ní 1444. Àròyé rẹ̀ ni pé àwọn aláìlajú nìkan ló ń ní lẹ́tà tiwọn lọ́tọ̀. Kódà ìwé Hunminjeongeum Haerye, tó ṣàlàyé Hangul, èdè Ṣáínà ni wọ́n fi ṣe àlàyé inú rẹ̀! Títí di 1894 tí ìjọba pàṣẹ pé kí ìwé òfin wà ní lẹ́tà ìbílẹ̀, Ṣáínà ni àwọn ìjòyè fi ń kọ̀wé ìjọba. Àwọn obìnrin, àwọn tó ń kọ lẹ́tà sílé àti àwọn òǹkàwé ìtàn àròsọ ló gbé Hangul ró.

Nítorí náà, èmi ní kí pátákó náà wà níbẹ̀. Ẹlẹ́rìí ni. Ẹ bá fi Hangul rọ́pò rẹ̀, àlejò á rò pé ọba ṣe lẹ́tà lónìí, gbogbo ìlú sì tẹ́wọ́ gbà á lọ́la. Irọ́ aláwọ̀ wúrà ni yóò jẹ́.

Ibòmíràn ni mo ti rí àṣìṣe, ìyẹn bí a ṣe ń rìn nínú ààfin. Ẹni tó bá wọ hanbok, aṣọ ìbílẹ̀ wọn, kì í sanwó ìwọlé, ìdí nìyẹn tí gbogbo ibẹ̀ fi kún fún yẹ̀rì aláràbarà. Nígbà tí mo débẹ̀, èrò dí pa létí omi Gyeonghoeru, wọ́n ń ya fọ́tò. Ìṣísẹ̀ díẹ̀ síbẹ̀ ni Sujeongjeon wà, ilé tó dúró lórí ilẹ̀ Jiphyeonjeon àtijọ́. Ẹni mélòó kan ló dúró níbẹ̀.

Ẹ sì wo ohun tí wọ́n ń fò kọjá. Lẹ́tà tó dúró fún kọ́ńsónáǹtì /k/ yàwòrán ẹ̀yìn ahọ́n tó dí ọ̀fun. Ti /n/ yàwòrán ahọ́n tó kan òkè ẹnu. Ti /m/ jẹ́ ẹnu. Mi ò mọ álífábẹ́ẹ̀tì àtijọ́ míì tí ẹ lè fi kọ́ fònẹ́tíìkì báyìí láìmú ìwé míì dání. Èyí tó wú mi lórí jù ni àmì ohùn. Kòríà ìgbà yẹn ní ohùn, Sejong sì fi àmì tó-tò-tó sí apá òsì sílébù: ọ̀kan fún ohùn òkè, méjì fún ohùn tó ń gòkè, ohùn ìsàlẹ̀ kò gba nǹkan kan. Ohùn wá kúrò lẹ́nu ọ̀pọ̀ wọn, àmì náà sì bá a lọ. Wọ́n ní ìdí. Àwa ńkọ́, tí ohùn ṣì wà lẹ́nu wa digbí, tí a ń fi fóònù kọ Yorùbá láìlámì? Ó dáa, mo ti dákẹ́.

Tí ẹ bá ń lọ, ẹ gba Sujeongjeon kọjá kí ẹ tó dé etí omi, kí ẹ sì wo Gwanghwamun lẹ́ẹ̀kan sí i bí ẹ bá ń jáde. Wọ́n máa ń ti ààfin náà ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun.