Ọwọ́ Tó Ń Po Oúnjẹ Adìẹ

Ìdajì kílò oògùn ló wà nínú ọ̀rá kékeré tó wà lórí òṣùwọ̀n. Oúnjẹ tí wọ́n fẹ́ pò ó mọ́ jẹ́ tọ́ọ̀nù kan, ìyẹn àpò 40 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wọn kílò 25. Nínú ìdajì kílò yẹn, gíráàmù 60 péré ni ojúlówó oògùn, salinomycin. Ìyókù jẹ́ ohun tí ilé-iṣẹ́ fi gbé e kó lè ṣeé wọ̀n. Òròmọdìẹ tó bá jẹ gíráàmù 50 oúnjẹ lóòjọ́ kò ní rí ju mílígíráàmù 3 lọ gbà nínú oògùn náà. Iṣẹ́ ẹni tó ń pò ó ni pé kí mílígíráàmù mẹ́ta yìí dé ẹnu gbogbo wọn, látorí èyí tó ń jẹ àpò àkọ́kọ́ títí dórí èyí tó ń jẹ àpò ìkẹyìn.

Kọ́ksì ni àwọn ọlọ́sìn ń pe àrùn tí wọ́n torí rẹ̀ ń ṣe gbogbo èyí. Kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí, tí wọ́n ń pè ní Eimeria, ló ń fà á. Oríṣi rẹ̀ méje la mọ̀ dáadáa lára adìẹ, kálukú sì ní ibi tó ń gbé nínú ìfun. Èyí tó burú jù lójú mi ni Eimeria tenella, tó máa ń wọ inú ìfun méjì tí ẹ̀yìn wọn dí. Òun ló ń mú kí òròmọdìẹ ọlọ́sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́fà máa yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, kí wọ́n wúyẹ́, kí wọ́n sì kú. Irú kòkòrò náà ń bá ìgbẹ́ jáde. Bó bá bá ooru, atẹ́gùn àti ọ̀rinrin pàdé nílẹ̀, láàárín ọjọ́ kan sí méjì ó ti gbára dì láti ran adìẹ mìíràn. Omi ọṣẹ àti ọ̀pọ̀ nínú àwọn apakòkòrò tí a fi ń fọ ilé adìẹ kì í ràn án. Nígbà òjò, tí èérún pákó tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ bá ti rin, ilé adìẹ tó péye lánàá lè di ilé òkú láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ìdí nìyẹn tí oògùn fi ń bá oúnjẹ wọlé kí àrùn tó dé.

Mo ti dúró pẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gá kan tó ń po oúnjẹ adìẹ ní míìlì kan n'Íbàdàn. Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣàkíyèsí ni pé kì í da oògùn sínú ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ náà tóbi, oògùn kéré. Bí ó bá dà á síbẹ̀ bẹ́ẹ̀, ibì kan ni yóò lúgọ sí. Ó bo imú, ó wọ ìbọ̀wọ́, torí pé kò dára kí èèyàn fa ìyẹ̀fun oògùn yìí símú. Ó bu ìdajì kílò àgbàdo lílọ̀ sínú bàsíà, ó da ìdajì kílò oògùn lé e, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pò ó. Ó di kílò kan. Ó fi kílò kan àgbàdo kún un, ó di méjì. Ó fi méjì kún un, ó di mẹ́rin, lẹ́yìn náà mẹ́jọ, títí ó fi di kílò 16. Ìlọ́po ni gbogbo rẹ̀ ń lọ, kò sì sí ìgbà kankan tí ọ̀kan nínú ohun méjì tó fẹ́ pò tóbi ju èkejì lọ.

Ẹ wo ọwọ́ náà dáadáa. Láti ìsàlẹ̀ ló ti ń bu wá sókè, ó ń yí bàsíà bó ti ń bù ú. Bí ó bá kan kókó, ó dúró, ó fi àtàǹpàkò rún un sí àtẹ́lẹwọ́ títí yóò fi túká. Ìgbà tí àgbàdo àti sóyà bá ti dé ìdajì ẹ̀rọ ló ń da oògùn àpòpọ̀ náà sí i, kó lè ní ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ àti ohun tó máa bò ó. Epo ló ń kẹ́yìn, torí pé ìyẹ̀fun tó bá kan epo ṣáájú yóò dì mọ́ra. Ẹ̀rọ tirẹ̀ jẹ́ olóròó, ó ń gbé oúnjẹ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 ló ń fún un, aago ló sì ń wò, kì í ṣe pé ó ń fojú díwọ̀n. Lẹ́yìn ìyẹn ni ohun tó wú mi lórí jù: ó ṣí ẹnu ẹ̀rọ díẹ̀, ó gba kílò mélòó kan tó kọ́kọ́ dà jáde, ó sì gbé e padà sókè. Ó ní èyí tó jókòó sí ọ̀fun ẹ̀rọ kò bá àwọn tó kù yí rárá. Oníbàárà kan kò lè mọ̀ bí kò bá ṣe é. Ó ṣe é síbẹ̀.

Ọgbọ́n fífi oògùn sí oúnjẹ yìí kò pẹ́ tó bí adìẹ ti pẹ́. Ọdún 1948 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta sulfaquinoxaline ní Amẹ́ríkà fún irú iṣẹ́ yìí. Amprolium dé ní 1960. Ó jọ fítámì B1 débi pé kòkòrò náà gbà á dípò rẹ̀, ebi sì pa á. Monensin wọ ọjà ní 1971, lára ohun alààyè inú ilẹ̀ ni wọ́n ti rí i. Òun àti salinomycin ń gbé sódíọ̀mù wọ inú kòkòrò náà títí yóò fi wú, tí yóò sì bẹ́. Wọn kì í pa gbogbo rẹ̀ tán. Díẹ̀ tó ṣẹ́ kù ló ń kọ́ ara adìẹ bí yóò ṣe dáàbò bo ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí oògùn kan náà bá pẹ́ jù, kòkòrò á mọ̀ ọ́n lójú, nítorí náà ni àwọn tó mọṣẹ́ fi ń pààrọ̀ rẹ̀.

Ìwọ̀n ni gbogbo rẹ̀ dá lé. Ìyá kan tó ń sin bírọ́ílà bẹ ọ̀gá náà lójú mi pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi díẹ̀ kún un, òjò ti pọ̀ jù." Ó dá a lóhùn pé, "Mọ́mì, ẹ má bínú, mi ò ní fi kún un. Bó bá pọ̀ jù, ẹsẹ̀ wọn ò ní gbé wọn mọ́, wọn ò sì ní jẹun. Èérún pákó tó rin yẹn ni kí ẹ kó jáde." Òótọ́ ló sọ. Ohun tí adìẹ ń jẹ tó ń ṣe é lóore lè pa ẹṣin, ó sì lè pa tòlótòló tó ti dàgbà. Bí ọ̀gá náà bá ti po ti bírọ́ílà tán, àgbàdo lásán ló ń fi ṣan inú ẹ̀rọ kó tó po ti adìẹ tó ń yé, kí ẹyin tí a ó jẹ má baà ní oògùn nínú.

Mo gbà pé nínú gbogbo ẹni tó lọ́wọ́ nínú adìẹ tó dé orí tábìlì wa, ọkùnrin yìí ni a ń yìn kéré jù. Àṣeyọrí rẹ̀ ni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sin adìẹ, ẹ má kàn gbé àpò sínú ọkọ̀ kí ẹ sì máa lọ. Ẹ béèrè oògùn tó wà nínú rẹ̀ àti ohun tí ẹ̀rọ pò kó tó kan tiyín, kí ẹ sì kọ orúkọ oògùn náà sára àpò. Bí adìẹ yín bá ń wúkọ́ tí ẹ sì pe dókítà ẹran, ẹ fi orúkọ náà hàn án kó tó fún wọn ní tiamulin, torí pé tiamulin àti salinomycin nínú ara adìẹ kan náà lè pa á.