Ìlẹ̀kẹ̀ Ọba, Ọwọ́ Ìlọrin

Ẹni tó bá dé ààfin Ìlọrin lọ́jọ́ ọdún, láwàní ni yóò rí, kò ní rí adé ìlẹ̀kẹ̀. Láti ìgbà Abdulsalami ọmọ Ṣéù Àlímì, ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, títí di orí Alhaji Ibrahim Sulu-Gambari tó gorí oyè ní 1995, láwàní ni Ẹ́míà fi ń jọba. Síbẹ̀, ìlú tí kì í fi ìlẹ̀kẹ̀ dé olórí tirẹ̀ yìí gan-an ló ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ pupa tí ọba àti ìjòyè káàkiri ilẹ̀ Yorùbá ń kó sọ́rùn ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Lántànà ni wọ́n ń pè é. Tí a bá ń ròyìn Ìlọrin, ẹṣin, ogun àti àwọn àáfáà ló máa ń gba ẹnu wa. Ó tó gẹ́ẹ́, ẹ jẹ́ ká wo àwọn tó jókòó sílẹ̀ tí wọ́n ń lu òkúta.

Òkúta ọ̀hún, jasper, kì í ṣe ti ìtòsí. Àwọn oníṣòwò ló ń rù ú bọ̀ láti òkè, ní ìhà àríwá, nínú èrò tó ń fi Ìlọrin ṣe ibùsọ̀. Ọwọ́ tó ń ṣe é náà, láti ibòmíràn ló ti wá: àwọn ará Ọ̀yọ́ Ilé ló kó iṣẹ́ náà dání nígbà tí ìlú wọn ń tú ní nǹkan bí 1830 sí 1840. Òkúta tó le ni. Ẹ fi irin họ ọ́, irin ni yóò jẹ, tí yóò fi àwọ̀ ara rẹ̀ sílẹ̀ lára òkúta. Ta ni yóò wá fi irú òkúta bẹ́ẹ̀ ṣe ohun tí kò ju ìka ọwọ́ lọ, kí ó sì tún dá ihò sí i láti ìdí dé orí?

Ìfọ́ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ nígbà náà. Oníṣẹ́ yóò mú òòlù, yóò máa gé òkúta náà ní wẹ́wẹ́, yóò máa yí i sọ́tùn-ún sósì títí yóò fi gùn bí ó ṣe fẹ́. Ojú ló ń ṣe iṣẹ́ níbẹ̀ ju apá lọ, nítorí ibi tí òkúta bá ti ní ìlà nínú, ibẹ̀ ni yóò ti là, kò sì sí ẹ̀bẹ̀ tí a lè bẹ̀ ẹ́.

Lẹ́yìn náà ló kan ihò lílu, ibẹ̀ sì ni mo ti ń ṣí fìlà fún wọn. Irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó ni wọ́n ń kì bọ orí òkúta, wọn yóò máa fi òòlù kékeré kàn án, kó, kó, kó, tí eruku pupa yóò máa yọ díẹ̀díẹ̀. Ẹnu irin kì í pẹ́ kú, wọ́n á tún un pọ́n, wọ́n á padà sí i. Bí ihò bá dé agbede méjì, wọn yóò yí òkúta náà padà, wọn yóò bẹ̀rẹ̀ láti ìdí kejì, kí ihò méjèèjì lè lọ pàdé ara wọn nínú òkùnkùn. Kò sí ohun tí wọ́n fi ń wo inú ibẹ̀. Bí òòlù kan bá wúwo jù, òkúta á là sí méjì, làálàá ti wọmi nìyẹn. Àní wọn kì í mú un dán kí ihò tó tán: wọn kì í fi dídán ṣòfò sórí ohun tó ṣì lè fọ́. Ìkẹyìn ni wọ́n ń lọ̀ ọ́ lórí òkúta mìíràn, bí ó ti ń lọ tó ń bọ̀ lójú kan náà títí ojú òkúta ìlọ̀ náà fi ní kòtò gbọọrọ, títí pupa ìlẹ̀kẹ̀ fi jáde tí ó ń dán gbinrin.

Ẹni tó bá ní ìlẹ̀kẹ̀ àtijọ́ nílé lè wò ó fúnra rẹ̀. Ihò tí a lù láti ìdí méjèèjì máa ń fẹ̀ lẹ́nu, á sì fún láàárín. Ti ẹ̀rọ máa ń lọ gbọnrangandan.

Bí irú iṣẹ́ báyìí ṣe wà nílùú kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọwọ́ nìkan. Agboolé ló ń gbé e ró, baba ń kọ́ ọmọ, Mágàjí ilé sì ni àgbà lórí gbogbo wọn. Lókè wọn ni Balógun mẹ́rin wà: Gàmbàrí, Fúlàní, Àjíkòbí àti Alanamú. Ẹ wo ìlẹ̀kẹ̀ kan ṣoṣo, ẹ óò rí ìjọba Ìlọrin nínú rẹ̀: òkúta bá ọ̀nà òkè wá, ọwọ́ Ọ̀yọ́ ló ṣe é, ọjà Ìlọrin ló tà á. Ìlú tí Ìbàdàn ṣẹ́gun rẹ̀ ní Òṣogbo ní nǹkan bí 1840, tí wọ́n tún jọ kojú ara wọn nínú ogun Jálumi ní 1878, kò ti ilẹ̀kùn mọ́ àlejò tó mọṣẹ́. Mo gbà pé ọgbọ́n ìṣàkóso ni èyí, ó sì yẹ kí a máa kà á mọ́ ohun tí àwọn Ẹ́míà ṣe.

Òwò òyìnbó ló pa iṣẹ́ náà lára. Ní ìlú Idar-Oberstein ní Jámánì, ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń gé òkúta pupa, wọ́n sì ń kó o ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Áfíríkà ní iye tí ọwọ́ lásán kò lè bá díje. Ìwé ṣì wà tí a lè kà nípa rẹ̀: J. D. Clarke kọ̀wé nípa iṣẹ́ òkúta Ìlọrin ní 1938. Ní 1986 ni Ann O'Hear tún kọ ìtàn lántànà jáde. Nínú iṣẹ́ ọwọ́ Ìlọrin yòókù, aṣọ òfì kò kú, ìkòkò tí wọ́n ń mọ ní Dáda, Òkèlélé, kò kú, torí pé aráyé ṣì ń rà wọ́n. Ti lántànà ló ṣòro.

Ẹ̀yin ọmọ agboolé tí baba ńlá yín ṣe iṣẹ́ yìí, òkúta ìlọ̀ tó ní kòtò gbọọrọ tó wà lẹ́yìn ilé yín, ẹ má fi ṣe ìpìlẹ̀ ògiri. Ẹ gbé e pamọ́, ẹ bi àgbà tó kù léèrè ohun tí ó gbọ́ lẹ́nu baba rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọdún yìí.