Ère Inú Ìgò

Ẹni tó bá fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ìgò òjò dídì fún ẹni tó fẹ́ràn kò ní láti rìn jìnnà: ìgò jáàmù tí ìdérí rẹ̀ le, ère kékeré kan, gọ́ọ̀mù tí omi kì í tú, gílísírìn láti ilé oògùn, àti ohun wínníwínní tó ń dán. Ara ìdérí ni wọ́n ń lẹ ère mọ́. Wọ́n á rọ omi kún ìgò dé ẹnu, wọ́n á dé e pinpin, wọ́n á wá dojú rẹ̀ délẹ̀; bí wọ́n bá mì í, ohun wínníwínní náà á máa rọra rọ̀ lé ère lórí bí òjò dídì. Iṣẹ́ ọnà ni, ó sì tọ́ sí àyẹ̀wò tó ṣe gúnmọ́. Ohun tí lámèyítọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bèèrè ni pé, kí ni wọ́n fi sínú rẹ̀?

Erwin Perzy ni wọ́n sábà máa ń dárúkọ tí ọ̀rọ̀ ìgò yìí bá délẹ̀. Irinṣẹ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ ló ń ṣe ní ìlú Vienna, lórílẹ̀-èdè Austria, ní nǹkan bí ọdún 1900, ó sì ń wá bí iná gílóòbù ìgbà náà yóò ṣe mọ́lẹ̀ sí i. Ó mọ̀ pé àwọn tó ń rán bàtà máa ń gbé ìgò roboto olómi síwájú àbẹ́là kí ìmọ́lẹ̀ lè kó jọ sójú kan. Òun náà gbé irú rẹ̀ síwájú iná, ó wá ń da oríṣiríṣi nǹkan sínú omi náà wò. Nígbà tó kan sẹ̀mó, èyí tí wọ́n fi ń se oúnjẹ ọmọdé lọ́hùn-ún, ìmọ́lẹ̀ kò yàtọ̀, ṣùgbọ́n sẹ̀mó náà ń rọra balẹ̀ bí òjò dídì. Kò pẹ́ tó fi ṣe ère kékeré ilé ìjọsìn Mariazell, ibi tí àwọn Kátólíìkì ti ń rin ìrìn-àjò mímọ́ lọ, tó sì fi í sínú omi kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ta ọjà níbẹ̀ lè rí i tà. Kì í ṣe òun ni àkọ́kọ́: níbi Àfihàn Àgbáyé tó wáyé ní Paris lọ́dún 1878, wọ́n ti rí ọkùnrin tó mú agboòrùn dání nínú irú ìgò bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ìdílé Perzy ṣì ń ṣe é títí dòní.

Òjò dídì nìkan kọ́ ló ta ìgò Mariazell. Ẹni tó rà á ti fẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé ilé ìjọsìn náà.

Bàbá Kérésì àti igi páínì ló kún inú ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń fọwọ́ ṣe nílé lóde òní. Ó rẹwà, ṣùgbọ́n ẹni tó gbà á kò mọ ẹni tó fún un ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ọmọ Yorùbá kan ti dáhùn ìbéèrè ohun tó yẹ kí ère fi hàn dáadáa láìlo omi rárá. Justus Akeredolu, ọmọ Ọ̀wọ̀, ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ẹ̀gún ní ère láàárín ọdún 1930 sí 1939. Ẹ̀gún ńláńlá tó ń yọ lára igi bí àràbà àti àtà ni. Ó rọ̀ lójú ọ̀bẹ, kò wúwo, àwọ̀ tirẹ̀ sì ti wà lára rẹ̀: òmíràn funfun, òmíràn pupa rúsúrúsú, òmíràn ní àwọ̀ ilẹ̀. Oníṣẹ́ á fi ọ̀kan ṣe ara, á fi òmíràn ṣe aṣọ, á fi gọ́ọ̀mù so wọ́n pọ̀ láìkun ọ̀dà. Àwọn obìnrin tó ń gúnyán, onídìrí àti ẹni tó jókòó síwájú rẹ̀, adẹ́mu lórí ọ̀pẹ, atukọ̀ tó di àjẹ̀ mú: àtẹ́lẹwọ́ gba ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Wo irú ère tí wọ́n ti ń gúnyán: ọ̀kan gbé ọmọ odó sókè, èkejì ti sọ tirẹ̀ kalẹ̀. Ère tí kò ju ìka lọ, ó ń ṣiṣẹ́.

Àwọn kan ń fojú ọjà arìnrìn-àjò wo iṣẹ́ yìí, wọ́n ní kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀, agbẹ́gilére. Ìwọ̀n tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n ni kò yẹ ẹ́. Òpó ààfin ni Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́. Ohun tí ènìyàn lè fi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ ni Akeredolu gbẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wá mú ìgò òjò dídì wá sí Ìgbògbò, ní Ìkòròdú. Ọ̀sà kò jìnnà síbẹ̀. Bàyékù ni àwọn apẹja wà, ibẹ̀ náà ni ọkọ̀ ojú omi ti ń gbé èrò sọdá sí ìhà Àjàh. Ọkọ̀ apẹja kan, pẹ̀lú àwọ̀n tó ká jọ sídìí rẹ̀, ti tó fún ìgò kan. Kí ni yóò wá máa rọ̀ lé e lórí? Kì í ṣe òjò, nítorí òjò Èkó kì í rọra. Ọyẹ́ ló bá ìrìn ohun inú ìgò mu: eruku tí afẹ́fẹ́ gbé láti aṣálẹ̀ Sàhárà wá, tó máa ń dúró lójú ọ̀run fún ọjọ́ púpọ̀ títí ọkọ̀ ọ̀ọ́kán á fi di òjìji. Èèpo ẹyin tí wọ́n fọ̀ mọ́ tí wọ́n sì lọ̀ kúnná ṣe é fi ṣe é. Yanrìn ní tirẹ̀, kíá ló ń rì. Gílísírìn ló ń mú omi ki tí ohun inú rẹ̀ fi ń falẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá pọ̀ jù, gbogbo rẹ̀ á dì mọ́ra.

Ẹ̀gún Akeredolu kò ní lè wọ ibẹ̀, torí igi a máa wú, a sì máa léfòó. Amọ̀ tí wọn kò sun á yòrò, irin á dípẹtà, á sì pa omi láwọ̀. Pláásítíìkì àti gíláàsì ló ń fara dà á. Omi tí wọ́n sè tó ti tutù ni kí wọ́n lò, kó má baà ṣú. Ìgò jáàmù tó kún fún omi sì máa ń mú ohun inú rẹ̀ fẹ̀ ju bó ṣe rí lọ, nítorí náà ère tó bá tínrín díẹ̀ lọ́wọ́ oníṣẹ́ ni yóò ṣe déédéé lójú ẹni tó ń wò ó. Bó bá jẹ́ ọmọ Ìgbògbò tó wà ní London ni wọ́n fẹ́ fi ránṣẹ́ sí, inú àpótí tó ń lọ sí ikùn ọkọ̀ òfurufú ni kí wọ́n dì í sí, nítorí omi tó ju mìlílítà 100 lọ kì í sábà kọjá nínú báàgì ọwọ́.